Omi Ẹja

Ọmọ-ọmọ mi, ọdún tí òtútù bẹ́ páìpù omi ilé wa ní Old Trafford nílùú òyìnbó ni. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tọkọtaya kan jókòó síwájú mi, wọ́n gbé àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja lé ẹsẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá.

Ọkọ ní, "Ẹni tó tà á ní ká bu omi sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹja méjì péré la ó kọ́kọ́ kó sí i, kí wọ́n má baà kú."

"Sátidé lọmọ ń padà wálé. Tó bá bá omi lásán, á ní òun ń lọ sílé òun."

"Kó ní sùúrù."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Dádì, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ní ká gbé lọ fún ìyá òyìnbó kó máa bá wa tọ́ ọ, torí ìdánwò yín. Ẹ ò dúró dè é. Omi ẹja lẹ wá fẹ́ dúró dè."

"Ìwọ náà lo pọ̀n ọ́n dé ẹnu ọ̀nà."

"Èmi ni. Ọdún keje rèé, ó ń pe òyìnbó ní Mọ́mì, ó ń pè mí ní Áńtì."

Ọkọ ń fi ọwọ́ nu gíláàsì náà.

Nígbà tí ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, mo sọ fún wọn pé bí ìwé bá le, kí wọ́n gbé ìwé sílẹ̀. Ìwé á dúró dè wọ́n, ọmọ ò ní dúró.