Ìpè Tí Mo Gbà Lórúkọ Ọmọ Mi

Ẹ pa iná òkè yẹn. Ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sílẹ̀, ó tó. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ìwọ àbíkẹ́yìn mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onímáàpù sún mọ́ fèrèsé. Kò pọn dandan kó o wò mí lójú. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó dé ẹnu mi láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù mí, nítorí náà ẹ ní sùúrù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ibojì ló ti máa bá mi. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ mọ irú ọ̀gá iléèwé tí mo jẹ́. Màá ju ìbéèrè lu ọmọ, ẹni tí kò bá dáhùn kí n tó pàtẹ́wọ́ á wà lórí ìdúró títí a ó fi ṣíwọ́. Àwọn òbí fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àwọn ọmọ iléèwé mi yá. Ni Ọlọ́run bá fún èmi náà ní ọmọ tó jẹ́ pé, tó o bá bi í ní nǹkan láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó dáhùn, ìdáhùn náà á sì pé ju ti gbogbo wa lọ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò pè é ní ọ́tísíìmù. Ó ní kì í ṣe àrùn, ọ̀nà tirẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo délé, mo sọ fún bàbá yín pé wọ́n ní á bọ́ sípò tó bá dàgbà. Bàbá yín gbà mí gbọ́ títí tó fi kú.

Kò bọ́ sípò, nítorí kò kúrò nípò rí. Ó dàgbà, ó ń ya máàpù. Ẹ rántí pé ó ya gbogbo àdúgbò wa, tòun ti gọ́tà àti òpó iná tó tẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ya máàpù ń wá òṣìṣẹ́, wọ́n fi kún ìkéde wọn pé ẹni tó bá nílò ìrànwọ́ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kó sọ fún àwọn. Onímáàpù gba ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹnì kan ṣoṣo máa bi òun, kí wọ́n sì fi òun sí yàrá tí iná rẹ̀ kò ní máa kùn. Nítorí pé agogo fóònù máa ń dà á láàmú, nọ́ńbà tèmi ló fún wọn. Ó ní, 'Màámi, tí wọ́n bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.'

Wọ́n pè. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní àwọn ti rí ohun tí ọmọ mi béèrè, àwọn á ṣe gbogbo ẹ̀, ṣé nǹkan mìíràn ṣì wà tó fẹ́? Ẹ ò rí i pé wọn ò lé e. Àbúrò mi, àǹtí yín tó jókòó síbẹ̀ yẹn, wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, 'Ọmọ ọ̀gá iléèwé ló ń tọrọ ìbéèrè ṣáájú ìdánwò? Wọ́n á ní orí ẹ̀ ò pé o.' Mi ò di ẹ̀bi rù ú o. Ohun tó wà nínú mi ló bá mi sọ. Mo sọ fún obìnrin náà pé, 'Ẹ má da ara yín láàmú, ma. Ara ọmọ mi dá ṣáká. Bí ẹ ṣe ń bi àwọn yòókù ni kẹ́ ẹ ṣe bi òun náà.' Ó ní, 'Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ní ká fagi lé e?' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló rán mi.' Mo ń sọ fún ara mi pé àṣírí ọmọ mi ni mò ń bò. Àṣírí tèmi ni. Ojú ń tì mí.

Mo wá sọ fún Onímáàpù pé wọ́n ti gbà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, ó ń retí ìbéèrè tí kò ní wá. Ó ní, 'Màámi, kò tíì dé.' Mo ní wọ́n á fún un tó bá débẹ̀. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un lọ̀. Nígbà tó débẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń já ìbéèrè gbà lẹ́nu ara wọn, iná ń kùn lókè. Ó fọwọ́ di etí. Ó béèrè ohun tí wọ́n ṣèlérí. Wọ́n ní, 'Ṣebí ìwọ lo ní o ò fẹ́ mọ́?' Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi í bóyá ó gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹ fún mi lómi díẹ̀. Èyí tó burú jù ló kù.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tòun ti táì lọ́rùn. Ó ní, 'Màámi, wọ́n ní mo ti ní mi ò fẹ́ mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?' Ààyè ṣí sílẹ̀ fún mi nígbà náà. Mo wo ọmọ tí mo bí, mo ní, 'Ìwọ náà lo máa ti sọ ọ́ tó o gbàgbé. Ṣé o ò mọ bó o ṣe máa ń ṣe ni?' Ó ronú sí i. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ronú. Nígbà tó pẹ́, ó ní, 'Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, Màámi.' Èmi ló ń bẹ̀ o. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ọ̀hún ni mo fọwọ́ ara mi tẹ orí ọmọ tèmi wọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Á ti ilẹ̀kùn, á padà wá wò ó, á tún padà wá wò ó. Ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ò mọ ibi tó ti wá. Ọwọ́ tó ń ya máàpù ló ń di ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí títí dòní.

Ohun tó fọ́ mi wẹ́wẹ́ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà kan wọlé síbí, ó da ìbéèrè bò mí: kí lorúkọ mi, ọjọ́ wo la wà, ọmọ mélòó ni mo bí. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Kí n tó mú ti àkọ́kọ́ jáde, ó ti ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé mi ò lóye mọ́. Onímáàpù tí kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ dìde lórí àga. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì dúró. Wọ́n mọ̀ ọ́n.' Dókítà dúró. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo fi du òun ló bá mi tọrọ.

Onímáàpù, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ máàpù mìíràn ń wá èèyàn, pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba èèyàn mọ. Ó ní o lóhun tó o fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ kó o má tún sọ ohun tó o máa gbàgbé. Ọmọ mi, o ò gbàgbé nǹkan kan. O ò fagi lé nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́, gbogbo àwọn tó wà níbí sì ti gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ọ́ dà nígbà tí mi ò bá sí mọ́. Tọrọ ohun tó o nílò. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ ni kó o fún wọn, má fún wọn ní tèmi.

Ìdáríjì ni mò ń tọrọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé o lè dárí jì mí? Má dáhùn lónìí. Gbé e lọ sílé. Ì báà di ọ̀la, ì báà di oṣù tó ń bọ̀, màá dúró.