Mẹ́wàá Tí Tíṣà Kò Fún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. N kò mọ ọjọ́. Àárọ̀ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yìí tí wọn kò gbé oúnjẹ dání ni. Ẹ má bá mi sunkún, ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Inísà ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Òkukù. Káàdì tí wọ́n tẹ àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sí ni wọ́n ti ń kó pamọ́ láti kékeré, wọ́n sì mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Àwọn tó ń ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í gbà á títí Tíṣà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn á fi awò wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn á gbé e lé orí káàdì mìíràn tó dá wọn lójú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ti gé e létí. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi pẹ́ńsù kọ máàkì sórí bébà pélébé, wọn á sì dé e mọ́ inú ike líle.

Wọn kì í fún káàdì kankan ní mẹ́wàá.

"Mẹ́wàá, ti Ọlọ́run ni," ni wọ́n máa ń wí. "Mẹ́sàn-án, ti tíṣà. Ẹ̀yin, ẹ lọ máa du mẹ́jọ."

Mo ní káàdì kan tí bàbá mi fún mi kí wọ́n tó kú. Igun rẹ̀ kan ti fọ́. Tíṣà fún un ní mẹ́fà, ó sì dùn mí wọra, torí káàdì tí máàkì rẹ̀ kéré kì í pa owó gidi. Àfẹ́sọ́nà mi wà ní Ìba, mo sì fẹ́ kí àwọn àna mi rí mi bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí Tíṣà lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú abẹ, mo gé káàdì náà létí. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ kò ju fọ́nrán irun lọ. Mo fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn, kò jẹ́ kí n dúró lórí mẹ́jọ. Mo kọ mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì kan ní Òkukù, Ìyáàfin Bísí, ló rà á. N kò mọ̀ pé Tíṣà ló kọ́ ọ níléèwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè wọ́n lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ káàsán sà. Gbogbo ọdún tí mo fi wà ní kíláàsì yín, ẹ ò fún mi ní mẹ́wàá rí. Káàdì lásán ló wá gbà á! Òótọ́ ni ṣá, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáṣá."

Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wò mí.

"Ṣé ìwọ lo kọ mẹ́wàá?"

"Bóyá ìka mi ló ṣì í kọ, sà."

"Igun tó fọ́ ńkọ́? Ìka rẹ náà ló tún un ṣe?"

Wọ́n jókòó, wọ́n kọ nǹkan sínú bébà, wọ́n ká a sápò.

"Gbé maṣíìnì rẹ jáde. À ń lọ sí Òkukù."

Bí a ṣe ń lọ, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò: Inísà á gbọ́, Ìkìrun á gbọ́, wọ́n á gbọ́ ní Ìba. Nígbà tí a dé orí afárá, mo dúró. Òjò ti rọ̀, odò sì kún. Tíṣà bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé epo ló tán ni?"

Mo tì wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, mo já a gbà, odò sì gbé wọn lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ rí mi.

Kóòtù ni wọ́n ti ka bébà tó wà lápò wọn. Pẹ́ńsù ni Tíṣà fi kọ ọ́, omi kò pa á rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Bísí ọmọ mi, dá káàdì yẹn padà fún mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo ṣi máàkì kọ. Má bínú sí ọmọ iṣẹ́ mi."

Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀bi mi rù. Èmi ni mo gbé wọn sórí maṣíìnì, n kò sì jẹ́ kí a débẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá yìí: "Ṣé epo ló tán ni?" Mo sì máa ń dáhùn sókè pé, "Rárá, sà." Àwọn wọ́dà rò pé orí mi ti dàrú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí wọ́n bá fún yín ní mẹ́fà, ẹ gbà á. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, tí àgbà bá ní ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ bá wọn débẹ̀. Mẹ́fà ni káàdì bàbá mi. Mẹ́fà náà dára.