Mo Ní Kí Wọ́n Gbé Ọmọ Mi Lọ, Wọ́n sì Gbé E

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá gbọ́ pé ìyá kan fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé, kí ni ẹ óò pe irú ìyá bẹ́ẹ̀? Èmi ni ìyá náà o. Gbogbo ilé ti sùn, èmi nìkan ni mo jókòó ti àtùpà. Ẹní tí ọmọbìnrin mi ń sùn lé wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí mo ká a sí. Mi ò lè tẹ́ ẹ, mi ò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀. Pọtakọ́tù kún fún èrò báyìí, sójà, oníṣòwò, àwọn tí ogun lé wá àti àwọn tó ń jẹun lára ogun, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún kó má fi mí ṣẹ̀sín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ti wá, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni mo bí Mojí sí. Aránṣọ ni mí, awakọ̀ ni ọkọ mi. Nígbà tí ìlú dàrú, a sá lọ sílé. Nígbà tí sójà ìjọba àpapọ̀ gba Pọtakọ́tù tí ọ̀nà òkun sì là, a tún padà wá, nítorí ibi tí ènìyàn ti ń jẹun kì í ṣe é gbàgbé. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn sójà lójú ogun. Ó lè lọ kí oṣù kan kọjá, kí n má gbúròó rẹ̀. Ó wá ku èmi àti Mojí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. "Mama, I don hear." Òun ló ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀, nítorí mo ń gbọ́ Píjìn, ṣùgbọ́n ó máa ń há mi lẹ́nu. Kí n má purọ́, òun ni ẹnu mi nílùú yìí.

Ilé tí àwọn onílé sá fi sílẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa ní Diobu. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, aṣọ fèrèsé ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn àgbà ń kó wọn lójú ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀dì ń jáde, àga ń jáde. Ta ló mú wọn? Ọjọ́ tí Mojí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, tó sì fi bàtà funfun kan há abíyá jáde, ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá dé.

Wọn ò tì í mọ́ àwọn olè. Ilé kan wà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé sí kí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n mú un lọ. Ọkùnrin Wẹ́fíà kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, wá bá mi nílé, ará Kalabari tí orí rẹ̀ ti ń funfun. Ó bi mí léèrè ẹni tó ń bá mi tọ́ ọmọ, ibi tí bàbá rẹ̀ wà, bóyá ó ń lọ sílé ìwé. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, ó jókòó, ó là mí lóye. Ó ní láyé àtijọ́, ọmọdé tó bá jalè, òun àti adigunjalè ni wọ́n jọ ń sùn sínú ẹ̀wọ̀n kan náà. Ìgbà tí yóò bá fi jáde, á ti gboyè nínú iṣẹ́ ibi. Ìgbà ogun Hítílà ni ìjọba òyìnbó ṣe òfin tó ya ọmọdé sọ́tọ̀. Kóòtù tiwọn kò sí fún èrò ìwòran. Adájọ́ máa ń jókòó pẹ̀lú àgbà méjì, ọ̀kan nínú wọn a sì jẹ́ obìnrin, wọn kì í sì í pe ọmọ ní ọ̀daràn. "Madam, na small matter," ó ní. "Dem go ask whether you fit hold your pikin. If you say yes, you go sign, she go follow you go house. Me, I go dey come look am."

Ẹ ò rí i bó ṣe rọrùn tó!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àgbà, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́bi ju ẹnikẹ́ni lọ. Á ní, "Ẹ bá mi lù ú pa! Èmi kọ́ ni mo bí i!" Bí ìyá bá ṣe ń le sí i ni ọkàn àwọn àgbà á ṣe máa rọ̀ sí i. Ẹnì kan á ní, "Ó tó, ìyá Mojí, ọmọdé ló ń ṣe é." Ẹlòmíràn á fa ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. Ìyá tó bá ń gbèjà ọmọ lójú àgbà, òun ni wọ́n ń pè ní ìyá olè. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Yàrá kékeré kan ni kóòtù náà. Mojí dúró, aṣọ búlúù tí mo rán fún un ló wọ̀. Adájọ́ bi mí ní ìbéèrè, ọkùnrin ará Ìlọrin kan sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ṣé apá mi ká ọmọ yìí? Mo wo ojú obìnrin àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adájọ́, ojú abiyamọ ni. Mo rò ó pé òun ni yóò bá mi bẹ̀bẹ̀. Ni mo bá lanu.

"Apá mi ò ká a o! Ẹ gbé e lọ! Ẹ bá mi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, mi ò fẹ́ rí i nílé mi mọ́!" Mo ṣí gèlè mi, mo fi na ilẹ̀.

Mo ń retí ẹni tí yóò ní ó tó. Ará Ìlọrin túmọ̀ rẹ̀ tán. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀bẹ̀. Obìnrin àgbà náà mi orí, ó wò mí bí ẹni ń wo ìkà. Ọkùnrin Wẹ́fíà sáré dìde, ó sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n adájọ́ ní ìyá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bàbá kò sì sí nílé. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwé tí ìjọba ti ń tọ́ irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní Èkó, títí yóò fi dàgbà. Mo wó lulẹ̀. Mo ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú mi, wọ́n ti ń pe ọmọ mìíràn wọlé. Mojí bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún.

"Mama, so you no want me again?"

Níta, mo di aṣọ ará Ìlọrin náà mú. "Bàbá, Yorùbá bíi tèmi ni yín! Ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi là á yé wọn?"

Kò lè wo ojú mi. "Ìyá, wọ́n ti mú mi búra. Èyí tó jáde lẹ́nu yín ni n óò sọ, kì í ṣe èyí tó wà níkùn yín."

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò.

Ọkọ̀ òkun tí yóò gbé e lọ sí Èkó kò tíì dé, ìyẹn ni Mojí ṣe ṣì wà ní ilé àwọn ọmọdé yẹn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbà wá láyè láti wò wọ́n. Mo gbé oúnjẹ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí àlejò. "Good afternoon, ma." Mo ṣàlàyé títí, mo ní bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, kí àwọn àgbà lè ṣàánú rẹ̀ ni.

"But for here, nobody dey do am like that," ó ní. "You talk am, I hear am."

Ọkùnrin Wẹ́fíà kò fi mí sílẹ̀. Ó ti bẹ adájọ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ náà wò kí ọkọ̀ tó dé, adájọ́ sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ó ní lọ́tẹ̀ yìí, wọn óò bi ọmọ náà léèrè bóyá ó fẹ́ tẹ̀lé mi lọ sílé. Mojí sì ti sọ fún un pé Èkó tẹ́ òun lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbọ́ rárá. Kí ni n óò sọ fún un bó bá dé?

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn óò tún jẹ́ kí n rí i, mi ò sì mọ bí a ṣe ń sọ fún ọmọ pé a fẹ́ ẹ. Wọn ò sọ ọ́ fún èmi náà rí. Mo kàn mọ̀ ni. Bí mo bá sunkún, ṣé kò ní sọ pé eré ni mò ń ṣe? Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, ṣé kò ní sọ pé ojú ayé ni? Ọ̀rọ̀ wo ni ìyá ń sọ tí ọmọ fi ń gbà á gbọ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá bó bá ṣe rí. N óò wá ẹni tí yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Píjìn, kí n tó lọ.