Ọwọ́ Mi Ló Gbé Kọ́bọ́ọ̀dù Yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Òótọ́ ní ọ́fíìsì wa, mo purọ́. Ọdún kan ni mo ti gbé irọ́ náà mì, kò dà nínú mi, mo sì fẹ́ bì í síta lónìí. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn-ún sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, wíwò ni mo fi kọ́ ọ. Bó ṣe rí náà ni n ó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí a ń ṣe áàpù tí èèyàn fi ń ya fọ́tò yàrá rẹ̀, tí á sì gbé àga tàbí bẹ́ẹ̀dì sínú fọ́tò náà kó tó rà á, èmi ni ọ̀gá ní kí n máa jókòó ti àwọn tó bá wá dán an wò. Òfin iṣẹ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ: máa wò, má fọwọ́ kàn án. Bí ẹni náà bá ṣì í ṣe, àwa la ṣe ohun tí kò dáa, àwa la ó tún un ṣe. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin yẹn sára ògiri.

Èèyàn mẹ́sàn-án ti wá, ó ku àgbàlagbà kan. Mo mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá, obìnrin tó tọ́ mi dàgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tìmùtìmù nítorí pé tìmùtìmù àga ló ń rán. Bó bá wo àga lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ ìwọ̀n rẹ̀ láì mú téèpù, kò sì ní yẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó fi lọ́fíńdà sára, ó ní, "Ṣé wọ́n máa bi mí ní ìṣirò?"

Mo ní kó gbé kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù tóbi ju àyè náà lọ. Màmá bá kó ìka méjì pọ̀ lórí àwòrán rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì súnkì wẹ́lẹ́. "Ó ti wọlé!" ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. Àṣìṣe wa nìyẹn o: a jẹ́ kí àwòrán súnkì, bí ẹni pé pákó gidi ń súnkì. Ohun tí wọ́n ní kí n wá rí gan-an ló wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ máa ń wo fídíò tí kámẹ́rà ń ká nígbà tí àwọn èèyàn bá ń dán an wò, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ kí ẹ fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo pa kámẹ́rà, mo ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dá kọ́bọ́ọ̀dù padà sí ìwọ̀n rẹ̀, mo gbé e sí ògiri kejì. Mo sọ fún yín pé bátìrì kámẹ́rà ló kú. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Àgbàlagbà. Ó ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́." Ọ̀gá kà á, ó ní, "Tí màmá bá lè lò ó, ó parí nìyẹn." A gbé áàpù náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó burú jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, màmá fi áàpù wa ra kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò máa kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nínú fọ́tò, ìka méjì ti mú un wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó bo fèrèsé, ó tún gba ìdajì ẹnu ọ̀nà. Mo bá a níbi tó ti ń fẹ̀gbẹ́ wọ yàrá rẹ̀ bí akàn. Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo wá sí ọ́fíìsì yín, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa, Màámi."

"Á jẹ́ pé láti ìgbà yẹn ni orí mi ti ń dàrú."

"Ọjọ́ orí ni, Màámi." Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Òótọ́ sọ!

Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dá iṣẹ́ oníṣẹ́ padà. Àwọn mìíràn tí kọ́bọ́ọ̀dù wọn ò wọlé kọ̀wé sí wa, mo kà á, mo dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá ní kí n wá bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun fún télọ̀ òpópónà kejì. "Ojú tí ò lè wọn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, aṣọ ta ló fẹ́ gé?"

Mo gbé ẹ̀rọ náà dé ẹnu ọ̀nà, kọ́bọ́ọ̀dù ò jẹ́ kó kọjá. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nílẹ̀, tí mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ìka méjì dórí bátìrì.

Màmá bá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó jù ú lù mí. "Ìwọ ọmọ yìí! Orí mi pé, o sì jẹ́ kí n máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ dárí jì mí. N kò fẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín ni."

"Ta ló ní kó o gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín? Ẹ̀rín pa mí rí? Gbé ẹ̀rọ mi padà sáàyè rẹ̀. Kó o sì mú bàtà mi wá!" Bí mo ṣe ń wọ bàtà náà sí i lẹ́sẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, kò sì tètè gbé e kúrò.

Ọ̀gá, ẹ̀yin ará iṣẹ́, ẹ forí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán kankan súnkì mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn ni ọwọ́ yín máa yá jù láti ràn lọ́wọ́. Ẹ kó ọwọ́ yín ró. Màmá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé láti tún un dán wò. Ó ní kí ẹ tan kámẹ́rà, kí ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, òun náà á fi yín rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi náà lè wà níbẹ̀, bí mo bá ti lè jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.