Ìwé Ṣúṣánì Tí Mo Sin

Ẹ sún mọ́ bí. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn, kí ewúrẹ́ má tẹ̀lé yín wọlé wá gbọ́ ohun tí kò kàn án. Ìwọ tó ń fi eyín pa hóró bàrà lẹ́yìn yẹn, panu mọ́ ná, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò fẹ́ ariwo. Ṣé ẹ ti jókòó? Ó dáa. Èmi Fráji, tí gbogbo abúlé Hárà Ńlá wa yìí ń pè ní Rábì, tí ẹ máa ń fẹnu kò lọ́wọ́ tí a bá ti jáde ní sínágọ́gù lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ tí ẹ ń fẹnu kò yẹn ti ṣe nǹkan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé e pamọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, dókítà wá láti ìgboro, ó gbé etí lé àyà mi, ó ní ọkàn mi ti dà bí aago àtijọ́, pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dákẹ́. Mo ní kò burú. Kó tó dákẹ́, òótọ́ á jáde.

Ẹ̀yin ọmọdé òní ò mọ Ṣúṣánì dáadáa. Bàbá kan tó ń rán ẹ̀wù lẹ́bàá kànga lẹ mọ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, tó kú nígbà òtútù tó kọjá. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tí irùngbọ̀n wa ò tíì kún. Ẹ mọ̀ pé níbí, a kì í dá kẹ́kọ̀ọ́, méjì méjì là ń dojú kọra lórí ìwé kan bí àgbò tó fẹ́ kàn. Òun ni ẹnìkejì mi. Èmi, bàbá mi kọ̀wé, bàbá bàbá mi kọ̀wé. Òun, bàbá ẹ̀ ń ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ti ń rò ó nígbà yẹn pé àánú ẹ̀ ni mo ń ṣe tí mo bá a jókòó. Ẹ gbọ́ ìgbéraga!

Ohun tí àwa méjèèjì fẹ́ràn jù ni kíka iye ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: lẹ́tà Hébérù wa ni nọ́ńbà wa. Álẹ́fì ni ení, Bẹ́tì ni èjì, títí tó fi dé irinwó. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú Tórà ló ní iye tó ń jẹ́, tí méjì bá sì jẹ́ iye kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n, iṣẹ́ ẹ ni kó o wá ìyá tó bí wọn. Ìfẹ́ jẹ́ mẹ́tàlá, Ọ̀kan jẹ́ mẹ́tàlá, pa wọ́n pọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iye Orúkọ Ọlọ́run nìyẹn. Ọmọ ọdún méje mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ṣúṣánì máa ń mú èyí tí àgbà kan ò gbọ́ rí wá. Èmi á kó kóró ólífì kalẹ̀ síwájú mi, mà á máa kà á, apá ẹ̀wù mi á gbá a dànù, mà á tún bẹ̀rẹ̀. Òun á kàn wo ọ̀rọ̀ náà, á gbọn orí, á ní, "Fráji, jẹ́ kí n lọ jẹun ọ̀sán ná." Á lọ jẹun. Tó bá dé báyìí, ó ti rí i! Kì í ṣe iye nìkan o, ìtumọ̀ ẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀, ibi tó ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, gbogbo ẹ̀ ló máa tò kalẹ̀ bí ẹni to ife.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo rò pé oúnjẹ yẹn ló ń la orí ẹ̀. Mo délé, mo bá ìyàwó mi. "Gazála, kí ni Hanína ìyàwó Ṣúṣánì ń sè?" Ó ní, "Kúskúsù." Mo ní, "Kí ló ń fi sí i?" Ó ní, "Ẹja." Mo ní, "Ẹja wo?" Ó wò mí. "Ẹja inú òkun, Fráji. Òkun kan ṣoṣo ló yí wa ká." Mo ní kó máa se ẹja fún mi lójoojúmọ́, orí ẹja ni kó sì máa bù fún mi. Oṣù méjì gbáko! Kò sóhun tó wọ orí mi ju òórùn lọ. Ọjọ́ kan ni Gazála gbé àwo kalẹ̀ gbàgà, ó ní, "Olówó orí mi, tó bá jẹ́ pé ẹja ló ń sọni di ọ̀mọ̀wé, ológbò ni ì bá máa wàásù fún wa."

Tẹ́ ẹ bá rò pé ìlara máa ń wọlé bí olè, irọ́ ni. Ó máa ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ máa ní kó wọlé, ẹ ó sì fún un ní tìmùtìmù. Ọjọ́ ìkọlà ọmọ mi kẹrin, nínú ilé tèmi, lórí ẹní tèmi, Rábì Mákílúfù, olórí wa nígbà yẹn, ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ti gbá ọ̀fun mi mọ́. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe pariwo pé, "Ṣúṣánì! Kí Ṣúṣánì sọ ọ́!" Ó dìde, ó ní ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní àánú lédè mímọ́ wa, inú ikùn ìyá ló ti jáde wá, torí ilé ọmọ ni gbòǹgbò ẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ọlọ́run ṣe ń ṣàánú, kó lọ bi aboyún bó ṣe ń fi ara ẹ̀ ṣe ilé fún ẹni tí kò tíì rí rí. Ẹkún sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin wà. Ọkùnrin tí kò bímọ rí o! Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti gbé Hanína níyàwó, wọn ò gbọ́ igbe ọmọ. Dípò kí n káàánú ẹ̀, mo ń sọ nínú mi pé, "Ó ti jí ìkọlà ọmọ mi lọ."

Ọjọ́ Ìsinmi tí a ka ìtàn Jósẹ́fù ló wá pa mí pátápátá. Ṣúṣánì dìde, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ó ní, "Ẹ ka orúkọ Jósẹ́fù, mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ ni. Ẹ wá ka ìlara, mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rò pé àwọn ti gbé Jósẹ́fù jù sínú kòtò, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń jẹun. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé jù sí kòtò ti gòkè padà, òun náà ti bá wọn jókòó sídìí oúnjẹ." Rábì Mákílúfù dìde, ó fẹnu ko iwájú orí ẹ̀. Wọ́n da ọtí ọ̀pọ̀tọ́ fún un. Èmi ńkọ́? Mo ń fi ìka ka lẹ́tà lábẹ́ tábìlì, bóyá mà á rí àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Kò sí àṣìṣe. Ẹ ò rí ayé mi? Wọ́n ń wàásù ìlara fún mi, èmi ń fi ìlara ka ìlara.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àjọ Ìrékọjá dé, ó gbé ìwé kan wá bá mi, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní, "Fráji, ọmọ èmi àti Hanína nìyí. Onítẹ̀wé ti gbà láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn àjọ. Bá mi kà á, kó o kọ lẹ́tà ìfọwọ́sí síwájú ẹ̀. Orúkọ ẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí." Mo gbà á. Mo fi ọjọ́ méjì kà á. Ojú ìwé igba ó lé. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn gan-an fẹ́ pa mí, ó tò tínrín tínrín bí ojú abẹ́rẹ́, mo ní ṣé télọ̀ yìí tún máa ń rán lẹ́tà ni? Mo ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo bí ọkọ oníjà ṣe ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Mi ò rí. Ìwé tèmi, ẹ mọ̀ ọ́n, ojú ìwé ogójì, òun ni àwọn tíṣà fi ń jẹ ọmọ níyà. Mo wá mọ̀ pé tí ìwé yìí bá jáde, wọn ò ní rántí pé wọ́n bí mi.

Mo fẹ́ jó o níná. Mi ò lè jó o, Orúkọ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ sókun. Èèwọ̀. Ẹ wo olódodo lójú ayé! Ó fẹ́ pààyàn, kò fẹ́ dẹ́ṣẹ̀. Àní mo ṣí ìwé òfin, mo ń wá ọ̀nà tó bófin mu tí mo lè fi jalè. Ibi tí mo ti ń ṣí i ni alábòójútó sínágọ́gù ti ń kígbe lójú pópó pé, "Ẹ kó ìwé yín tó ti gbó wá o! Ọjọ́ Àìkú la máa sin wọ́n!" Ẹ mọ àṣà wa, ìwé mímọ́ tó bá ti ya, a kì í dà á nù, a ó kó o sínú àpò, a ó fi orin sin ín bí ẹni sin rábì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ hú u. Mo ní, hẹn-ẹn. Ọ̀nà ti là. Mo kó ìwé Sáàmù méjì tó ti gbó, mo ki ti Ṣúṣánì sáàárín wọn. Kí n tó jẹ́ kó bọ́ sínú àpò, mo fẹnu kò ó. Torí àṣà ni.

Ẹ dúró, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé àpò, ta ló fò síwájú? Ṣúṣánì! Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e, èmi tí Ọlọ́run ṣe lóore lọ́dún yìí." Ó gbé e lé èjìká. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fráji, àpò yìí wúwo o! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe owú." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé e dé ibi ìsìnkú, èmi ni mo kọrin sókè jù. Ọwọ́ ẹ̀ ló fi gbé ìwé yẹn sínú kòtò, ọwọ́ ẹ̀ ló fi bu yẹ̀pẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́rú, ó dé. "Ọ̀rẹ́ mi, ìwé dà?" Mo ní, "Ìwé wo? Ṣebí mo gbé e sórí ìjókòó ẹ ní sínágọ́gù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú? Mo pè ẹ́, o ò dáhùn." Kò jiyàn. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́ nù." Ó wá a káàkiri, ó gbààwẹ̀, ó wo inú àpótí, ó wo abẹ́ ìtẹ́ adìyẹ. Rábì Mákílúfù ní kó tún un kọ. Ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ tó kọ ọ́ ti sunkún tán, kò lè kọ ọ́ mọ́." Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ kan ní sínágọ́gù mọ́, kò bá mi jókòó mọ́. Èmi di ẹni tí wọ́n ń pè níbi ìkọlà àti ìgbéyàwó. Ṣé inú mi wá dùn? Tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á yíjú wo Ṣúṣánì, bóyá ó gbọn orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ń jowú ẹnu tó dákẹ́!

Òfin wa le. Ẹ̀ṣẹ̀ tó o ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè dárí ẹ̀ jì ẹ́. Èyí tó o ṣẹ ọmọnìkejì ẹ, Ọlọ́run ò ní dá sí i, àfi tí ẹni tó o ṣẹ̀ bá dárí jì ẹ́. Tó bá ti kú ńkọ́? Kó o kó ọkùnrin mẹ́wàá lọ sídìí sàréè ẹ̀, kó o bọ́ bàtà, kó o jẹ́wọ́. Láàárọ̀ àná, mo lọ kó mẹ́wàá, ní abúlé kejì, Hárà Kékeré o, kí ẹ̀yin má bàa gbọ́. Ojo èèyàn! A débẹ̀. Lórí sàréè àwọn tó kọ̀wé, ẹ mọ̀ pé a máa ń kọ orúkọ ìwé wọn. Ti Ṣúṣánì, orúkọ ẹ̀ nìkan ni, kò sí ọmọ, kò sí ìwé. Hanína ti wà níbẹ̀, ìyá arúgbó, ó fi aṣọ tútù ń nu òkúta. Mi ò lè lé e. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ pátá bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mo ní, "Mo ti ṣẹ Ọlọ́run Ísírẹ́lì, mo sì ti ṣẹ Ṣúṣánì." Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé, "A ti dárí jì ọ́." Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ara mi fúyẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ mi: tí ẹnìkejì yín bá mọ̀wé jù yín lọ, ẹ tètè sọ fún un lójú ẹ̀ pé ó mọ̀wé jù yín lọ, ẹnu yín á korò fún ìṣẹ́jú kan, á sì tán. Mo dìde, mo ń wá bàtà mi, inú mi ń dùn pé gbèsè ọ̀run ti kúrò lọ́rùn mi.

Hanína ò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń nu òkúta lọ, ó ní, "Fráji, sàréè lò ń bẹ̀, èmi ni mo kọ ìwé yẹn."