Òórùn Tí Mo Pè Ní Ti Áńgẹ́lì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn wá síwájú pẹpẹ lónìí, wọn kò gbé mi wá. Mo dúpẹ́ nítorí ìyàwó mi pẹ̀lú. Òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń fojú sọ fún mi pé kí n má bù mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá la gun mótò, alùpùpù mi, láti Pobè, à ń bọ̀ ní Sakété níbí fún ìsìn. Èmi ni mo fẹ́ ka Bíbélì. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ sùtánà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, a ò sì wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ẹ mọ̀ mí: mo ti gòkè ọ̀run dé ìdajì.

A ti kọjá ìdajì ọ̀nà nígbà tí òórùn kan ta sí mi nímú. Ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ níjọ wa, pé bí èèyàn bá gbọ́ òórùn tí kò mọ ibi tó ti wá, áńgẹ́lì ló ń kọjá. Mo dẹ eré, mo bẹ̀rẹ̀ orin.

Ìyàwó mi gbá mi lẹ́yìn. "Bàbá Kẹ́mi, áńgẹ́lì wo ló ń rùn bíi rọ́bà?"

Mo ní imú rẹ̀ ni kò gbààwẹ̀. Ó ní bí n kò bá dúró, òun á fò sílẹ̀. Mo dúró.

Mo wá ń gbóòórùn mótò kiri bí ajá ọdẹ. Mo gbóòórùn táyà, mo gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, títí imú mi fi kan páìpù èéfín. Ẹ wo àpá rẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Mo wo aago, mo ní kó gun mótò padà, a ti pẹ́. Ó kọ̀. Ó ní kí n máa lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká bi Ẹni tó rí i."

A kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, a forí kanlẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé Ọlọ́run, nínú eruku pupa, pẹ̀lú sùtánà tí wọ́n lọ̀ yẹn. Àwọn lọ́rì tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Onigbolo ń fun fèrè sí wa. Mo ní kí Olúwa fi hàn wá bí ohun kan bá wà. Bí mo ṣe fẹ́ gbórí sókè, tí ojú mi ṣì wà nílẹ̀, mo rí èéfín tín-ín-rín kan lábẹ́ ìjókòó. Ẹni tó bá dúró kò lè rí i.

Mo tú ìjókòó. Wáyà bàtírì ti bó, ó kan irin, rọ́bà ara rẹ̀ ń jó, kò sì ju ìka mẹ́ta lọ sí ọ̀pá tí ẹ̀sáǹsì, epo mótò, ń gbà. Àárọ̀ yẹn gan-an ni mo rọ epo kún táńkì. Orí ibẹ̀ sì ni ìyàwó mi jókòó sí! Mo yọ bàtírì náà kíá.

Mo fọwọ́ ti mótò náà dé Sakété. Ìsìn ti parí, ẹlòmíràn ti ka Bíbélì. N kò bínú. Ní gbogbo ọ̀nà, ìyàwó mi ń rìn níwájú, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dúpẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹ̀ bá máa bá mi sunkún rẹ̀ lónìí ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi dìde. Ti Ọlọ́run ni ògo rẹ̀, ti gbogbo wa ni ayọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí halelúyà yín dé Pobè.