Ìrora Kékeré Ò Lè Dá Mi Jókòó

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa kí ohùn yín ròkè, nítorí ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ilé yìí lónìí. Ẹnikẹ́ni ò gbé mi.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Délé tí mo ń ra abọ́ tánganran ní Òṣogbo, tí mo ń lọ tà á ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, iṣan òkè gìgísẹ̀ mi dún pàù! Háà! Mo rò pé ẹnì kan sọ òkò lù mí ni. Mo ti ṣépè fún dírẹ́bà kí n tó mọ̀, Ọlọ́run dárí jì mí.

Wọ́n ní kí n sinmi. Mo sinmi títí ẹsẹ̀ náà fi rù. Àwọn oníbàárà mi ti ń ra abọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí mi ò bá lè ru ẹrù gun òkè Ìmẹ̀sí mọ́, ọjà mi tán nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù wá ní kí n di ògiri mú, kí n máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí n sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n lè máa nàgà bí ọmọ tó fẹ́ jí ẹran lórí àjà ni mo ṣe wọ mọ́tò wá síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, yóò máa dùn yín díẹ̀, ìyẹn ò burú. Bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá di àárọ̀ tó ṣì ń dùn yín, ẹ dín in kù."

Ìyá Àdúrà wa ò fẹ́ gbọ́. "Arábìnrin, ìrora kì í ṣe ti Ọlọ́run. Lọ dùbúlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, bí ata bá ta yín lẹ́nu díẹ̀, ṣé ẹ máa ń da ọbẹ̀ nù ni? Ẹ gbàdúrà kí n dìde. Mo ti dùbúlẹ̀ tó."

Wọ́n gba àdúrà náà fún mi, wọ́n kàn fajú ro ni.

Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ń lò láti máa nàgà bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ìyá Bọ́sẹ̀ rí mi níbẹ̀, ó ní, "Ìyá Délé, ṣé o fẹ́ fò lọ sọ́run ni?" Mo ní bí mo bá ń lọ, n ó kọ́kọ́ yà nílé rẹ̀ gba abọ́ mi tó yá ní Kérésì.

Nígbà tó yá, ọgbọ́n mi pọ̀ jù. Mo gbé ẹrù lérí, mo fi ń nàgà. Lọ́jọ́ kejì, gìgísẹ̀ ò ṣeé fi tẹ ilẹ̀. Mo sunkún, mo bínú sí Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣẹ̀! Mo wá gbàdúrà pé, "Olúwa, mi ò ní kí o mú gbogbo ìrora kúrò. Fún mi ní sùúrù, mi ò ní in rárá." Ó sì fún mi, èmi oníwàdùwàdù yìí! Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti kékeré.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ru abọ́ mi láti gáréèjì gun òkè dé ọjà Ìmẹ̀sí, mi ò sinmi lọ́nà. Ọmọbìnrin tó ti gba ibi tí mo máa ń pàtẹ sí ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. A ti rò pé ẹ ò wá mọ́."

Mo ní, "Sún síbẹ̀."

Ògo ni fún Ọlọ́run! Ó ṣì ń ta mí díẹ̀ bí mo ṣe dúró yìí, ẹ jẹ́ kó máa ta. Ẹ̀yin akọrin, ẹ dá orin sílẹ̀, kó yá díẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó, èmi àti onítọ̀hún ni.